Rọ́ọ̀mù, Òkun àti Black River

Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó bá dé gúúsù Jàmáíkà sábà máa ń ṣe ohun méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo: wọ́n á tọ́ rọ́ọ̀mù wò ní ilé ìpọntí Appleton, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Pelican Bar, ilé ọtí onígi tó dúró lórí òpó nínú òkun. Apẹja kan, Floyd Forbes, ló kọ́ ọ ní 2001. Ìjì Ivan wó o ní 2004, wọ́n tún un kọ́.

Láti 1749 ni wọ́n ti ń pọn rọ́ọ̀mù ní Appleton. Bí a ṣe ń fi ẹmu pọn ògógóró, oje dúdú tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ṣúgà lára ìrèké ni wọ́n fi ń pọn rọ́ọ̀mù. Ta ló ń gé ìrèké náà? Àwọn ẹrú láti Áfíríkà ni, títí òmìnira wọn fi pé ní 1838.

Ìlú Black River, tí ọ̀pọ̀ ti ń wọkọ̀ lọ sí Pelican Bar, ni ọkọ̀ ẹrú Zong gúnlẹ̀ sí ní December 1781. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti ju ẹrú tó lé ní 120 sínú òkun. Àwọn tó ni ọkọ̀ sì béèrè owó adójútòfò lórí wọn, bí ẹni pé ẹrù lásán ni wọ́n.

Kò sẹ́ni tó ní ká má gbádùn. Àmọ́ ká tó gbé ife sẹ́nu níbẹ̀, ó yẹ ká mọ ìtàn èbúté tí a ti wọkọ̀.