Ìlò Ojú Ààrò àti Ìlò Ìjọba: Bí Ó Ti Yẹ Kí A Pè Wọ́n

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa owó tí orílẹ̀-èdè kan ń ná láti ọdún dé ọdún kọ́kọ́ wo ilé tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbé, kí ó sì mọ ẹnu tí yóò máa pè é. Ilé tí mo ń wò ní tèmi ni Kambolé, ìlú àwọn ọmọ Oòduà tí ó wà ní agbègbè Tchamba láàárín ilẹ̀ Tógò, lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Benin, níbi tí èdè Nàgó tí wọ́n ń sọ ti bá ti àwọn ará Manigri ní òdì kejì ààlà mu tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ èdè fi ka méjèèjì sí ọ̀kan. Ọmọ Kambolé a máa sọ Nàgó nílé, a máa fi Kòtókólì nájà ní Sokodé, a máa fi Faransé kàwé, bí ó bá sì jẹ́ Mùsùlùmí, a máa fi Lárúbáwá kírun. Nígbà tí àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé wa ní Nàìjíríà ṣe ìwé èdè-ìperí Yorùbá, ti Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1984 àti ti Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990, tí ìwé ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin ní èdè mẹ́rin sì tẹ̀ lé wọn ní 1991, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà níwájú wọn tí wọ́n ń wá èyí tí yóò ṣe rẹ́gí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ará Kambolé kò gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì dé ìdí ọ̀rọ̀. Bí a bá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò mọ ibi tí ó ti wá, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìyá wa sóde. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìṣirò yìí fi ẹsẹ̀ Yorùbá dúró, kí obìnrin tí ń ta iṣu ní ọjà Tchamba lè gbọ́ ọ, kí ó mọ ohun tí à ń kà, kí ó sì lè bá wa jiyàn bí a bá kà á ṣì.

Kí wá ni à ń kà? Ní ọdọọdún ni iléeṣẹ́ ìṣirò ilẹ̀ Tógò, INSEED, tí ó wà ní Lomé, ń ṣe àkójọ èso iṣẹ́ gbogbo tí ilẹ̀ náà mú jáde, tí wọ́n sì ń pín in gẹ́gẹ́ bí a ti lò ó: èyí tí àwọn ará ilé lò, tí ó máa ń pọ̀ ju ìyókù lọ fíìfíì, èyí tí ìjọba lò láti fi tọ́jú ará ìlú, èyí tí a fi kọ́lé, tí a fi ra ẹ̀rọ, tí a fi la ọ̀nà, àti èyí tí a tà fún ará òkèèrè, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tí a rà lọ́wọ́ wọn kúrò. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Orúkọ tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fún wọn súnmọ́ jíjẹ run, ẹni tí ó bá sì ń kánjú yóò pe èkíní ní ìjẹ ará ilé, yóò pe èkejì ní ìjẹ ìjọba. Ẹ̀rù rẹ̀ ni ó bà mí. Nínú èdè wa, ẹni tí ó jẹ oyè gbayì, ẹni tí ó jẹ gbèsè ń fara pamọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ owó ìlú, olè ni, kò ní orúkọ mìíràn. Bí a bá kéde ní Sokodé pé ìjọba jẹ iye owó báyìí báyìí ní ọdún tó kọjá, ta ni yóò rò pé owó oṣù tíṣà àti nọ́ọ̀sì, epo ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn, àti iná mànàmáná ilé ìwòsàn ni à ń sọ? Ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ìwé ìṣirò di ìwé ẹ̀sùn, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún adájọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú "ìlò". Oúnjẹ, aṣọ, oògùn, epo ìdáná, ẹ̀kọ́ tí tíṣà kọ́ni lówùúrọ̀ tí ó sì parí lọ́sàn-án, gbogbo wọn ni ènìyàn ń lò, tí wọn yóò sì tán.

"Ìnáwó" pàápàá kò ṣeé dá kọ. Bí ọ̀rẹ́ ẹni bá sọ pé òun ní ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ ẹbí ni ènìyàn ń bi í léèrè, nítorí ìkómọjáde, ìgbéyàwó, wòlímọ̀ tàbí òkú àgbà ni ó ń wí. Ṣùgbọ́n bí a bá so ó mọ́ ìlò, tí a pè é ní ìnáwó ìlò, ojú rẹ̀ yóò mọ́, a ó sì lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìnáwó ìdókòwò. Ẹ wo ọkùnrin kan ní Kambolé tí ó ta kajú rẹ̀ tán, tí ó fi apá kan owó náà ra páànù sórí ilé tuntun, tí ó fi ìyókù ra alùpùpù. Páànù jẹ́ ìdókòwò, nítorí ara ilé ni ó di. Alùpùpù jẹ́ ìlò, bí ó bá jẹ́ pé ó ń fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà ni, àní bí yóò tilẹ̀ gùn ún fún ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ń gbé èrò lọ sí Tchamba, tí ó sọ ọ́ di zemidjan bí gbogbo Tógò ti ń pè é, alùpùpù kan náà ti kúrò nínú ìlò, ó ti di ohun èlò iṣẹ́.

Ta ni "ará ilé"? Níbí ni àwọn tí wọ́n ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti máa ń tètè mú ohun tí ọwọ́ wọn bá. Agbo ilé tóbi jù, nítorí ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn lè wà níbẹ̀ tí olúkúlùkù ń ná owó tirẹ̀. Ìdílé ta gbòǹgbò jìnnà, ó kan ọmọ tí ó wà ní Cotonou, ó kan baba tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ojúlé sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Àwọn oníṣirò kì í béèrè ilẹ̀kùn. Àwọn tí ń jẹun pọ̀ lábẹ́ àbójútó ẹnìkan ni wọ́n ń béèrè. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: mo gbà pé "ojú ààrò" ni ó yẹ kí a máa pè é. Bí ìyàwó méjì bá ń gba oúnjẹ sísè lọ́wọ́ ara wọn ní ọjọ́ méjì méjì fún ọkọ kan, ojú ààrò kan ni wọ́n. Bí ọmọ tí ó gbéyàwó bá ya ìkòkò tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú agbo ilé kan náà, ojú ààrò mìíràn ti dé. Ẹni tí ó bá sọ pé gáàsì ni wọ́n fi ń dáná ní Lomé, kí ó rántí pé a ṣì ń pe ọkọ̀ òfuurufú ní ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí omi lábẹ́ rẹ̀.

Ní 2018 àti 2019, nígbà tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ń ná fáránkì CFA ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ ṣe ìwádìí ìgbé ayé, wọ́n bi àwọn ojú ààrò léèrè ohun tí wọ́n jẹ láàárín ọjọ́ méje: èyí tí wọ́n rà, èyí tí ó ti oko wọn wá, àti èyí tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin olùwádìí kan wọlé tọ àgbàlagbà obìnrin kan ní Kambolé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Èló ni ẹ fi ra iṣu lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Iṣu kẹ̀, ọmọ mi? Ta ní í fi owó ra iṣu tí ó wà nínú abà ọkọ rẹ̀?"

"Ẹ kò rà á lóòótọ́, ìyá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́. Mélòó ni ẹ gún?"

Iṣu tí kò dé ọjà yìí gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò, nítorí bí a bá yọ ọ́ sílẹ̀, a ó sọ pé àgbẹ̀ tí inú rẹ̀ yó kò lo nǹkan kan. Iye tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́jà ni a óò fi díye lé e. Mo sì dábàá "ìlò àtokowá" fún un. Ilé tí ènìyàn kọ́ tí ó ń gbé inú rẹ̀, òun náà ni à ń díye lé bí ẹni pé ayálégbé ni ó wà níbẹ̀, kí a má baà rò pé ẹni tí ó ní ilé ń sùn nínú oòrùn. "Owó ilé àdíyelé" ni kí a pè é.

Ní ti ìjọba, ọ̀ràn náà ṣòro ju bí a ti rò lọ, nítorí ìjọba kò ní ikùn. Ohun tí a kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlò rẹ̀, ará ìlú ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ra ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ìjọba lọ́jà, iye tí ó ná ìjọba láti pèsè rẹ̀ ni a ń kà. Ní 2008, ìjọba Tógò fagi lé owó ilé-ìwé ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Owó tí bàbá kan ní Tchamba ń san fún ọmọ rẹ̀ ní 2007, ìlò ojú ààrò ni. Nígbà tí ìjọba gba ẹrù náà rù, ó di ìlò ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tíṣà kò sì pààrọ̀. Ẹni tí ó bá wo àkọsílẹ̀ nìkan yóò rí i tí ọ̀kan rẹlẹ̀ tí èkejì ga, yóò sì máa wá ìdí rẹ̀ kiri bí kò bá mọ ìtàn ìlú.

Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba kan náà bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Ewé sọ ní Novissi, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ alágbèéká sí àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn dúró: ní Lomé àti àyíká rẹ̀, obìnrin ń gba 12,250 fáránkì lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500. Tchaoudjo, agbègbè tí Sokodé jẹ́ olú fún, wà lára ibi tí ètò náà kọ́kọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé ìlò ìjọba ni owó yìí. Kì í ṣe òun. Ìjọba kò lo nǹkan kan. Ó fi owó lé ẹnìkan lọ́wọ́ ni, ọjọ́ tí ẹni náà bá sì fi ra gàrí ni ó tó di ìlò, ìlò ojú ààrò pẹ̀lú. Bí a bá kà á sí méjèèjì, a ti sọ ẹyọ owó kan di méjì. "Owó àfilénilọ́wọ́" ni mo ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ti àkókò ni ó kù. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n já fáránkì CFA sí ìdajì: èyí tí 50 rẹ̀ ń ra fáránkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, 100 ni ó kù tí a óò fi rà á. Ìrẹsì, oògùn àti epo tí ó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ká ní ojú ààrò kan ń lo àpò ìrẹsì mẹ́wàá lọ́dún, tí iye àpò kan sì gòkè láti 10,000 dé 15,000: ìwé yóò sọ pé ìlò rẹ̀ kúrò ní 100,000 ó di 150,000, bẹ́ẹ̀ àpò mẹ́wàá náà ni wọ́n sè. Èyí ni ó fi yẹ kí a ní orúkọ méjì. "Iye ọjà-ọdún" ni kí a pe èyí tí a fi owó ọdún kọ̀ọ̀kan kà, kí a sì pe èyí tí a fi owó ọdún kan ṣoṣo ka gbogbo ọdún ní "iye ọdún-ìpìlẹ̀". Ẹni tí ó bá ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nípa ìgbà dídẹ̀ tàbí ìgbà líle, ti ìpìlẹ̀ ni kí ó máa mú wá. Iye ọjà-ọdún a máa tan ni jẹ, pàápàá ní ọdún tí ọjà bá gbóná.

Ohun kan kò ní orúkọ rárá nínú ìwé ìṣirò, ó sì ń dùn mí. Ní àwọn ọdún 1940, obìnrin ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Phyllis Deane, ṣe ìṣirò owó ilẹ̀ tí a ń pè ní Zambia àti Malawi lónìí, ó sì rí i pé kò tọ̀nà kí a ka oúnjẹ inú abúlé kí a sì fo iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣẹ́ igi tí ń se é. Àwọn ọ̀gá ìṣirò kò gbà fún un nígbà náà. Òfin ìṣirò tí àgbáyé fi ọwọ́ sí ní 1993 gba omi pípọn àti igi ṣíṣẹ́ wọlé, ó sì ti oúnjẹ sísè, ọmọ títọ́ àti ìtọ́jú àgbàlagbà síta títí di òní, bí ó bá jẹ́ pé ará ilé ni ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà ìyá tí ó gún iṣu lẹ́ẹ̀kan fi iṣu rẹ̀ wọ ìwé, apá tí ó fi gún un kò wọ̀ ọ́. Kò sí ìdí tí èdè Yorùbá fi gbọ́dọ̀ dúró de àṣẹ kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ. "Iṣẹ́ ojú ààrò" ni kí a pè é, kí a sì kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀ lábẹ́ ìlò ojú ààrò àti ìlò ìjọba, bí a kò tilẹ̀ tíì rí iye owó tí a óò kọ síwájú rẹ̀.