Ohun Tí Abẹ́rẹ́ Mítà Kò Mọ̀ ní Ojúde Ọba

Bí ẹ bá ṣí álíbọ́ọ̀mù àwọn òbí yín, tí ẹ wo fótò Ojúde Ọba àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó rí ohun kan. Nínú àwọn kan, léèsì ń tàn, fìlà dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n ojú àwọn àgbà dúdú bí ìdí ìkòkò. Nínú àwọn mìíràn, ẹ ó rí ẹ̀rín bàbá àgbà, ẹ ó rí òógùn iwájú orí rẹ̀. Oòrùn kan náà ló ràn. Kí ló wá fa ìyàtọ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí mítà. Lọ́dún 1932 ni ilé-iṣẹ́ Weston ní Amẹ́ríkà gbé mítà tó ń fi sẹlẹ́níọ̀mù wọn ìmọ́lẹ̀ jáde. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé e, iná díẹ̀ á ṣẹ̀, iná yẹn á sì ti abẹ́rẹ́. Kò lo bátìrì rárá. Lọ́dún 1935, Zeiss Ikon ti Jámánì kó mítà sára kámẹ́rà Contaflex. Nígbà tó di 1961, Olympus ti Japan ṣe Pen EE, wọ́n to sẹlẹ́níọ̀mù yí lẹ́ǹsì ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Lọ́dún 1963, Topcon, ará Japan náà, ṣe èyí tí mítà rẹ̀ ń gba inú lẹ́ǹsì wo ìmọ́lẹ̀. Iṣẹ́ wá rọrùn. Ṣùgbọ́n àbùjá kan kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ.

Mítà ò ní ojú, òṣùwọ̀n lásán ni. Gbogbo ohun tó bá rí, ó gbà pé àwọ̀ eérú ni, kò funfun, kò dúdú. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níwájú Awùjalẹ̀, sánmà tó mọ́lẹ̀ àti aṣọ funfun ló kún iwájú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín ihò lẹ́ǹsì kù. Aṣọ á jáde dáadáa, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á sọnù.

Lẹ́ǹsì tó ń rí fẹ̀, bíi ti mílímítà 28 tàbí 35, tún dá kún un. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń wọ́ bọ̀, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kó gbogbo wọn sínú fótò kan láìlò ó? Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tó kó gbogbo ẹgbẹ́ mọ́ra kó gbogbo sánmà mọ́ra pẹ̀lú. Ẹni tó bá sì dúró létí, orí rẹ̀ á fẹ̀ bí ẹni tí agbọ́n ta.

Fótógíráfà tó mọṣẹ́ kì í bá abẹ́rẹ́ jiyàn, ńṣe ló ń tàn án. Á sún mọ́ ojú ẹnìkan, á ka nọ́ńbà ibẹ̀, kó tó padà sẹ́yìn ya gbogbo wọn. Bí kámẹ́rà bá ń ṣe ohun gbogbo fúnra rẹ̀, á fi fíìmù 200 sí i, á sọ fún un pé 100 ni. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ wo mítà. Wọ́n mọ̀ pé nínú oòrùn gangan, fíìmù 125 ń fẹ́ ihò nọ́ńbà 16 ní 1/125. Fún ojú dúdú tó wọ funfun, wọ́n á ṣí i sí 11 tàbí 8.

Mítà nìkan kọ́ ló fojú di àwọ̀ wa. Láti àwọn ọdún 1950, àwòrán obìnrin òyìnbó kan, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni Kodak fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ fún àwọn tó ń fọ fótò. Lorna Roth, onímọ̀ ará Kánádà, kọ ọ́ lọ́dún 2009 pé ẹ̀hónú àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àga onígi wà lára ohun tó mú wọn tún fíìmù ṣe. Ẹ gbọ́ ná! Ṣé ṣokoléètì ló yẹ kó gba ẹjọ́ ènìyàn rò?

Lóṣù kẹfà ọdún 2024, fótò Farooq Oreagba lórí ẹṣin lọ káàkiri ayé, a rí i kedere títí dé orí ara tó fín. Ṣùgbọ́n Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà lóṣù keje ọdún 2025, ti gorí ìtẹ́ láti 1960. Ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn, fíìmù la fi ya á. Àwọn fótógíráfà ló gba ojú àwọn àgbà wa lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Tiwa ni pé ká kọ orúkọ wọn sẹ́yìn fótò, nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé.