Àga tí Ó Ń Sọ Ṣọ́ọ̀ṣì Di Kàtídírà

Kì í ṣe bí ilé ìsìn ṣe ga tó, tàbí iye èèyàn tí ó lè gbà, ni ó ń sọ ọ́ di kàtídírà, bí kò ṣe àga kan ṣoṣo tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe àga bíṣọ́ọ̀bù tí ń ṣe àkóso gbogbo ìjọ àgbègbè náà. Kathedra ni àwọn Gíríìkì ń pe àga, pàápàá èyí tí olùkọ́ ń jókòó lé lórí láti kọ́ni, inú èdè Látìn ni orúkọ náà sì gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ìdí nìyí tí Bàsílíkà Pétérù Mímọ́, bí ó ti tóbi tó, kì í fi í ṣe kàtídírà Róòmù. Ní Bàsílíkà Láteránì ni àga Póòpù gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà wà.

Láyé ọjọ́un, olùkọ́ ni ó máa ń jókòó, àwọn tí ń gbọ́ ọ a sì wà ní ìdúró. Nígbà tí àwọn Kristẹni bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìsìn ńláńlá ní ọ̀rúndún kẹrin, ẹ̀yìn pẹpẹ, níbi tí ògiri ti tẹ̀ bí ọrun, ni wọ́n ń gbé àga náà sí, tí àwọn àlùfáà á sì jókòó yí bíṣọ́ọ̀bù ká. Orí ìjókòó ni Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ti ń wàásù fún ìjọ tí ó wà lórí ẹsẹ̀, ohun tí ọmọ ìjọ òde òní tí bẹ́ńṣì ti mọ́ lára lè rò pé ó dorí kodò.

Èyí tí ó lẹ́wà jù nínú àwọn àga àtijọ́ tí ó ṣẹ́ kù ni ti Maximian, bíṣọ́ọ̀bù Ravenna ní Ítálì láàárín ọdún 546 sí 556, tí eyín erin tí a gbẹ́ ọnà sí bò látòkè délẹ̀. Jòhánù Onítẹ̀bọmi àti àwọn tí ó kọ ìwé Ìhìn Rere mẹ́rin wà níwájú rẹ̀, ìtàn Jósẹ́fù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹni tí kì í ṣe ọba ṣùgbọ́n tí ó bọ́ ìlú nígbà ìyàn. Bóyá lójú àwọn agbẹ́nà náà, olùṣọ́ àká oúnjẹ ni bíṣọ́ọ̀bù.

Bí agbára ayé ti ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni àga náà ń di ìtẹ́. Ní Durham, ní Ìlú Ọba, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù ti ní ilé ẹjọ́ àti ọmọ ogun tirẹ̀, Thomas Hatfield kọ́ ìtẹ́ gíga kan ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ó sì fi ibojì ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Èdè Yorùbá náà kò yẹra fún ojú ìwòye yìí, nítorí gbígorí ìtẹ́ ni a ń sọ nípa bíṣọ́ọ̀bù bí a ti ń sọ ọ́ nípa ọba. Olùkọ́ ti pòórá nínú gbólóhùn náà.

Kàtídírà Canterbury, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti máa ń jókòó lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ó bá ń gorí ìtẹ́, lórí ìtẹ́ àgbègbè rẹ̀ àti lórí àga òkúta tí ó dúró fún ipò olórí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ya Samuel Àjàyí Crowther sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1864. Ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lẹ́yìn ààlà ìjọba ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé àṣẹ rẹ̀ dárúkọ, Èkó sì ti di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1861. Abẹ́òkúta pàápàá kò bọ́ sábẹ́ rẹ̀, níbi tí Henry Townsend, ajíhìnrere òyìnbó, ti takò ó pé kí aláwọ̀ dúdú má ṣe bíṣọ́ọ̀bù lé àwọn òyìnbó lórí. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbé Èkó kò ní àga ní Èkó. Ọdún 1919 ni wọ́n tó dá díósíìsì Èkó, ìyẹn àgbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń ṣàkóso, sílẹ̀, ọdún 1976 ni wọ́n sì gbé òkú Crowther wọ inú kàtídírà Èkó tí ó wà ní Marina.