Kí Ni Ká Pe Ọmọ Tó Rúfin?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 ka ọ̀rọ̀ méjì léèwọ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 wá sí ilé-ẹjọ́ ẹbí, tí ẹ̀rí sì fi hàn pé òun ló ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe, ìwé ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ pe èyí ní ìdálẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ tí adájọ́ bá pa kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdájọ́ ìjìyà lórúkọ. Ohun tí wọn yóò kọ ni pé ilé-ẹjọ́ rí i pé ọmọ náà jẹ̀bi, ó sì pàṣẹ báyìí báyìí. Ẹlòmíì á ní bí a ṣe pè é náà ló jẹ́. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ohun tí àwọn olùwádìí ń rí nípa ọ̀dọ́, ìwà ipá àti ìlera ọpọlọ, abala òfin yẹn ni kó kọ́kọ́ kà. Èdè ìwádìí fẹ́ràn orúkọ, nítorí orúkọ ṣeé kà, ó ṣeé tò sínú àtẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, orúkọ burúkú a máa lẹ̀ mọ́ ọmọ lára, nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún un láti jáwọ́. “Ó jalè” lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àná. “Olè ni” kì í di ọ̀rọ̀ àná bọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé a ò ní orúkọ. Jàǹdùkú wà, ìpáǹle wà, ọmọ ìta wà. Jàgùdà tilẹ̀ lókìkí débi pé ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì: láyé ìjọba amúnisìn, bí wọ́n bá ń kọ̀wé nípa àwọn ọmọkùnrin tó ń yọ àpò èèyàn ní Ìbàdàn, “jaguda boys” ni wọ́n ń kọ. Ní Èkó, “boma boys” ni ti àwọn tó ń mú àwọn atukọ̀ òkun lọ sílé aṣẹ́wó. Laurent Fourchard, onímọ̀ ará Faransé, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2006 lórí bí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń rúfin ṣe di ọ̀ràn ìjọba l'Ékòó láàárín 1920 sí 1960. Ọmọ tó ń jalè ti wà tipẹ́; orúkọ tó kó gbogbo wọn jọ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, “juvenile delinquency”, ni ìjọba amúnisìn mú wá, pẹ̀lú òfin ọdún 1943 lórí ọmọdé àti èwe, àti iléeṣẹ́ àbójútó àwùjọ tí Donald Faulkner darí. Bí orúkọ ṣe rí nìyẹn, a máa gba ohun tí kò yẹ kó gbà. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà fún ìyá ẹ̀ fi bá ara ẹ̀ nínú ìwé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń yọ àpò.

Orúkọ yẹn kan náà ni àwọn onítumọ̀ wa ń pè ní “ìwà ọ̀daràn láàárín àwọn ọ̀dọ́” lónìí. Ó wúwo jù. Ọ̀daràn ni a ń pe apààyàn, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn olùwádìí ń kà mọ́ ọn kan sísá kúrò nílé-ìwé àti sísun ìta. “Ọ̀dọ́” pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Òfin 2003 ní ẹni tí kò tíì pé 18 ọmọdé ni. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ tọdún 2019 ní láti 15 dé 29 ni ọ̀dọ́. Nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, olórí ọ̀dọ́ lè ti máa sọ ewú di dúdú. Kí onítumọ̀ kọ iye ọdún sílẹ̀, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Ibi tí Yorùbá ti ta Gẹ̀ẹ́sì yọ ni ọ̀ràn ọmọ tí òbí fúnra rẹ̀ mú wá fún ìjọba. Ilé-ẹ̀kọ́ ìtúnwàṣe mẹ́ta ni ìjọba àpapọ̀ ní, ní Kàdúná, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ilé tí wọ́n ń fi ọmọ pamọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló jalè tàbí tó ṣá ẹnikẹ́ni ládàá. Àwọn kan wà níbẹ̀ nítorí pé apá òbí ò ká wọn. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa: apá òbí ni olùwà, ọmọ kọ́. Ká ní olùwádìí jókòó ti màmá kan, tí màmá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, apá mi ò ká a mọ́.” “Mọ́” yẹn ti ṣílẹ̀kùn. “Láti ìgbà wo ni apá yín ò ti ká a mọ́, màmá?” “Láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti ṣaláìsí, tí a kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.” Ikú bàbá, ilé tuntun, owó ilé-ìwé tó dáwọ́ dúró, gbogbo ẹ̀ ló máa jáde láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Bí ó bá jẹ́ “ìpáǹle ọmọ” ni olùwádìí kọ sórí fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

A tún ní àbíìkọ́ àti àkọ́ọ̀gbà. Àwọn méjèèjì jẹ́ àbá nípa ohun tó fa ìwà ọmọ: àbíìkọ́ di ẹ̀bi ru òbí, àkọ́ọ̀gbà dì í ru ọmọ. Ìwádìí Cambridge tó ti ń tẹ̀ lé ọmọkùnrin 411 láti 1961, ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, rí àìmójútó òbí lóòótọ́, ó rí ìwà wàdùwàdù ọmọ, ṣùgbọ́n ó rí ìṣẹ́ náà, ó rí ilé tí èrò pọ̀ jù. Ìṣẹ́ ò ní àyè nínú àbíìkọ́, kò ní nínú àkọ́ọ̀gbà. Mi ò ní fi èyíkéyìí nínú wọn sínú ìwé ìwádìí.

Ìwà ipá wá ńkọ́? Bi ọmọ ọdún 13 kan pé, “Ṣé wọ́n ń hùwà ipá sí ẹ nílé?” Bí wọ́n tilẹ̀ fi bẹ́líìtì nà án láàárọ̀, á dáhùn pé, “Rárá, mà.” Kò purọ́. Létí tiẹ̀, ìwà ipá ni ti àwọn jàǹdùkú tó ń fọ́ ìgò lọ́jọ́ ìdìbò. Ìbáwí ni ti bàbá ẹ̀. Yí i padà: “Ta ló nà ẹ́ gbẹ̀yìn? Kí ló fi nà ẹ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ jáde?” Á ká aṣọ sókè fi hàn ẹ́. Irú ìbéèrè báyìí ni àjọ tó ń kànìyàn ní Nàìjíríà lò lọ́dún 2014, nígbà tí òun, UNICEF àti CDC ti Amẹ́ríkà jọ ṣe ìwádìí wọn: ṣé wọ́n gbá ẹ lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ṣé wọ́n gbá ẹ nípàá, ṣé wọ́n nà ẹ́ lẹ́gba. Wọ́n rí i pé bí ọmọ 6 nínú 10 ló ti rí irú ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé 18. Ó dá mi lójú pé bí orúkọ ni wọ́n fi bèèrè, iye náà kò ní tó ìdajì ìyẹn.

Ní ti ọkàn àti orí, Yorùbá kì í ṣe tálákà rárá. Ṣùgbọ́n “wèrè” ló gbé ìyókù mì. Pe ohun tó ń ṣe ọmọ ní àìsàn ọpọlọ lójú òbí, ẹni tó ń kó àkísà kiri ló ń rí. Òfin ìjọba gan-an kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: òfin àwọn aṣiwèrè, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti 1916 wá, ni a ń lò títí wọ́n fi buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023. Bẹ́ẹ̀, láti 1954 ni oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, l'Abẹ́òkúta, máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Ìwé tí òun, Alexander Leighton àti ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 1963 fi hàn pé àwọn ènìyàn mọ àìrí oorun sùn, wọ́n mọ ẹkún, wọ́n mọ kí ara máa wúwo. Orúkọ kan ṣoṣo tó so wọ́n pọ̀ ni kò sí. Lónìí ìsoríkọ́ ti gba ipò náà lórí rédíò, mo sì fara mọ́ ọn, torí pé ara ìṣe ló ti jáde: ó sorí kọ́. Ẹni tó sorí kọ́ lè gbórí sókè.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbànújẹ́ rárá. “Nǹkan ń rìn lórí mi, ooru ń sọ níbẹ̀, kì í jẹ́ kí n sùn.” Ọdẹ orí nìyẹn, tí oníṣègùn ọpọlọ Mákanjúọlá kọ nípa rẹ̀ ní 1987. Raymond Prince tó ṣiṣẹ́ ní Aro ti kọ ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní orí ń ta àwọn, ìwé kò wọlé mọ́. Fọ́ọ̀mù tó bá bi ọ̀dọ́langba nípa ìbànújẹ́ nìkan, tí kò béèrè orí, yóò kọjá lára ẹni tó ń wá.

Àyè kan wà tí mo ti gbà kí á ṣẹ̀dá orúkọ. Ní 1993, onímọ̀ ìhùwàsí Terrie Moffitt ya ìwà ìrúfin sí oríṣi méjì: ti ọ̀pọ̀ èwe, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́langba tó sì pòórá bí wọ́n ṣe ń dàgbà, àti ti àwọn díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré tí kò sì dáwọ́ dúró. Ìwà àdàgbàfisílẹ̀ ni mo pe ti àkọ́kọ́, ìwà àbádàgbà ni èkejì. Ìwà ló ń jẹ́ orúkọ náà, kì í ṣe ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí olùkọ́ gbọ́ o. Kó tó di ọ̀la, “ọmọ àbádàgbà” á ti dé kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ tó ń fún mi láàárẹ̀ jù ni ti ohun tó lè mú kí ìwà ipá ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé òun gan-an ló fà á. Okùnfà ni gbogbo ìwé ìlera ń lò, ó sì ṣini lọ́nà, torí okùnfà ti dájọ́. Mo gbìyànjú aṣínà, èyí tó ṣí ọ̀nà. Bí òǹtẹ̀wé bá sì yọ àmì ohùn, bí wọ́n ṣe máa ń yọ ọ́, ó di aṣìnà lójú òǹkàwé, ẹni tó ṣi ọ̀nà. Mo padà sí gbólóhùn: “ohun tó ń ṣínà fún un.” Àwọn àgbà tó ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé tó fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀ lórúkọ ní Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1984, ń ṣiṣẹ́ lórí èdè àti lítíréṣọ̀, orúkọ ló sì tọ́ síbẹ̀. Fónẹ́ẹ̀mù kì í bínú bí a bá fún un lórúkọ.

Ó ku ìbéèrè tó le jù nínú fọ́ọ̀mù ìwádìí. Ìtumọ̀ tó wọ́pọ̀ ni “Ṣé o ti gbìyànjú láti pa ara rẹ rí?” Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí ìhà gúúsù jogún sọ ìyẹn di ẹ̀sùn tó lè gbéni lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, nítorí náà ọmọ tó wà ní àtìmọ́lé ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń gbà sọ ọ́ ni kí á bá wọlé: “Ayé sú ẹ rí?” Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni: “Ó sú ẹ débi tí o ò fi fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá ẹ?” Lẹ́yìn náà: “Kí lo wá ṣe?” Ẹni tó bá sì gbọ́ ìdáhùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, kó pa fọ́ọ̀mù dé, kó pe nọ́ọ̀sì, kó sì jókòó ti ọmọ náà títí nọ́ọ̀sì fi máa dé. Ìyókù ìbéèrè lè dúró di ọjọ́ mìíràn.