Bí Bọ́ọ̀lù Tí Wọ́n Fọwọ́ Jù Wọ Pápá Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Òfin Ọ́fúsáìdì

Lónìí, agbábọ́ọ̀lù tó bá gba bọ́ọ̀lù tààrà láti ọwọ́ ẹni tó jù ú wọ pápá kò ṣẹ̀ sí òfin ọ́fúsáìdì, ìbáà jẹ́ òun àti aṣọ́lé nìkan ni wọ́n kojú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún kọ́nà. Àmọ́ ọdún 1920 ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ jù tó rí òmìnira yìí gbà.

Nígbà tí Football Association kọ òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní London ní 1863, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tó jáde ni yóò jù ú padà. Gbọnrangandan ló gbọ́dọ̀ jù ú láti orí ìlà, bọ́ọ̀lù náà sì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè gbá a. Nítorí pé kò lè jù ú síwájú, kò sí èrè kankan fún ẹni tó bá lọ dúró nítòsí ilé alátakò. Ní 1866, wọ́n fi kún òfin pé ẹni tí alátakò mẹ́ta bá wà láàárín òun àti ìlà ilé kò sí ní ọ́fúsáìdì.

Ní 1877, London àti Sheffield, tí òfin wọn yàtọ̀ síra tẹ́lẹ̀, fẹnu kò sórí òfin kan ṣoṣo, wọ́n sì gbà kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù síbi tó bá wù wọ́n. Ojú ilé alátakò wá di ibi tí ọwọ́ lè ju bọ́ọ̀lù sí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ọ́fúsáìdì dí àyè náà.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ló jàǹfààní rẹ̀ jù. Bí ogun bá le, wọn a gbá bọ́ọ̀lù síta, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí alátakò tó lè lọ dúró lẹ́yìn wọn de bọ́ọ̀lù náà. Nígbà tí wọ́n fagi lé ọ́fúsáìdì yìí ní 1920, àwọn tó yìn ín sọ pé yóò dín gbígbá bọ́ọ̀lù síta kù. Ní 1925 ni alátakò mẹ́ta wá di méjì, ṣùgbọ́n èyí kò kan bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ jù mọ́.

Òmìnira náà ní ààlà. Bí ẹni tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí bá fi orí kàn án sí ẹlòmíràn nínú ikọ̀ rẹ̀, ọ́fúsáìdì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ti ọwọ́ ẹni tó jù ú wọ ilé alátakò láìkan ẹnikẹ́ni, kò sí góòlù níbẹ̀. Alátakò ni yóò gbá a láti ojú ilé wọn.

Ní 2008, Stoke City fi hàn bí òfin náà ṣe lè mú èrè wá tó. Rory Delap, tó ti ju ọ̀kọ̀ nígbà èwe rẹ̀, a máa ju bọ́ọ̀lù láti etí pápá dé iwájú aṣọ́lé, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lè dúró láìbẹ̀rù àsíá. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, ọwọ́ rẹ̀ ni góòlù méjèèjì tí wọ́n fi na Arsenal 2-1 ti wá: Ricardo Fuller jẹ ọ̀kan, Ṣèyí Olófinjànà, ọmọ Nàìjíríà, jẹ èkejì. Kí oṣù náà tó parí, Boaz Myhill, aṣọ́lé Hull City, rí bọ́ọ̀lù tó ń lọ sétí pápá. Ó yàn láti gbá a jáde fún kọ́nà kí Delap má baà rí i jù.