Kòkòrò tó ń mú màlúù rù

Màlúù tó ń jẹun dáadáa tó sì ń rù, tí ìgbẹ́ gbuuru kò dá lára rẹ̀, mo rí i rí ní gáà Òmù-Àrán nígbà tí mo ń tọ́jú ẹran. Aràn ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n àrùn mìíràn wà tí oògùn aràn kò ràn.

Ní 1895, àwọn onímọ̀ àrùn ẹranko, Johne àti Frothingham, yẹ ìfun irú màlúù bẹ́ẹ̀ wò ní Dresden, Jámánì. Ìfun náà ti ki, ó sì hunjọ. Wọ́n rẹ ẹ́ láró pupa. Ásíìdì kò lè ṣí aró náà kúrò lára kòkòrò inú rẹ̀. Wọ́n rò pé irú ikọ́ ife kan ni. Bang ará Denmark ló ya àrùn náà sọ́tọ̀ kúrò lára ikọ́ ife ní 1906.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Twort, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn ní London: kòkòrò náà kọ̀, kò hù nínú ìgò, àfi ìgbà tí Twort fi òkú kòkòrò tó bá a tan bọ́ ọ. Láti kékeré ni ọmọ màlúù ti ń kó o nínú ìgbẹ́ àti wàrà ìyá rẹ̀. Ó lè tó ọdún méjì kó tó hàn.