Àwọn Tó Ti Abẹ́òkúta Grammar School Jáde



1908 ni wọ́n dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀. Ní 1914, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ wọlé síbẹ̀: Fúnmiláyọ̀ Thomas, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí ìyá Fẹlá. Òun ló kó àwọn ìyá wa jọ nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ fún sáà kan ní 1949. Fẹlá náà kàwé níbẹ̀, Wọlé Ṣóyínká náà débẹ̀.

Àwọn tí kò lókìkí wá ń kọ́? Tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé tó gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì? Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi àgbà ilé yín: ọdún wo lẹ wọlé, ta lẹ jọ gbé yàrá? Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúpù wa. Tí wọ́n bá lọ tán, a ò ní rẹ́ni bi mọ́.